Bí Ọ̀gá Àwòkọjá Ṣe Ki Ojú Ara Rẹ̀ Bọ Inú Géèmù Ìbọn

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ ọ̀gá tí kì í kí ènìyàn, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀rù irú wọn ju ti ọ̀gá tó ń jágbe lọ. Ẹni tó ń jágbe, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá lára yín lójú ọ̀nà tóóró bí ẹni pé ògiri ni yín, ẹ ó padà sórí àga yín, ẹ ó sì máa ro gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu yín.

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni Àwòkọjá. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é. Níwájú rẹ̀, oyè ni wọ́n ń pè, oyè náà sì gùn ju ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ: Olùdarí Àgbà fún Òtítọ́, Ìwà Bí-Ó-Ti-Rí àti Ìdárayá Àwọn Ọ̀dọ́ Lórí Ẹ̀rọ. Akọ̀wé rẹ̀ ní láti pe oyè náà tán kí Ọ̀gá tó jókòó. Bí akọ̀wé bá gbétọ́ mì láàárín, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, Ọ̀gá á sì wà lórí ìdúró, á gbé àgbọ̀n sókè, á máa wo ibì kan lókè orí wa tí a kò mọ̀.

Kí wọ́n tó gbé e wá sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe géèmù, òun ló ń bójú tó àwọn àkọlé ojú títì. Lásìkò rẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà àwọn àkọlé náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan fi bo fèrèsé ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀, tí àwọn aláìsàn ń tan iná lọ́sàn-án. Wọ́n yìn ín. Wọ́n gbé e ga. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́.

Ohun kan tún kù tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ra gíláàsì ojú fún un. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, nínú páálí tó fi wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní gíláàsì wà fún àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ń tún aago ṣe. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri kò gbọdọ̀ fi nǹkan bo ojú tí aráyé fẹ́ wò.

Ní ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, àwọn méje ń ṣe géèmù ìbọn kan. Wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń ṣe bí ìbọn ṣe ń gbéra lọ́wọ́ àti bí ẹni tó mú un ṣe ń fojú sùn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni. Ìyá Ìbọn ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ, kò sì di ìbọn mú rí láyé rẹ̀. Àbúrò méjì ló ń tọ́, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì mọ̀.

Alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ náà kò sì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí ọjọ́ àfihàn bá dé tí àwọn ènìyàn kò tò láti gbá géèmù yìí, kí wọ́n ti yàrá ìsàlẹ̀ pa, kí àwọn méjèèje máa lọ sílé wọn.

Nígbà tí ọjọ́ àfihàn ku díẹ̀, Ọ̀gá Àwòkọjá sọ̀ kalẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò.

Ó wọlé, ó kọjá lára gbogbo wọn, ó sì lọ gbé imú lé ojú ẹ̀rọ. Kì í ṣe àsọdùn. Imú rẹ̀ kan ojú ẹ̀rọ náà, ó sì fi àmì síbẹ̀.

"Kí lèyí?" ló bi wọ́n.

"Igi ni, sà," ni Ìyá Ìbọn dáhùn.

"Mo mọ̀ pé igi ni. Kí ló wà lára igi?"

"Ewé ni, sà."

"Ẹni tó di ìbọn mú yìí, báwo ló ṣe jìnnà sí igi náà tó?"

"Bí ẹni dúró síbí tó ń wo géètì, sà."

"Ó sì rí ewé. Lọ́kọ̀ọ̀kan." Ọ̀gá nàró. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. "Akọ̀wé, ìwọ ti rí ewé láti òkèèrè rí?"

Akọ̀wé ti ń rí ewé láti òkèèrè láti kékeré. "Rárá o, sà. Ewé kẹ̀? Èmi ò tilẹ̀ gbà pé igi ní ewé àfi tí mo bá dé ìdí rẹ̀."

Ọ̀gá wá gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú fún yín, nítorí àwọn tó gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ náà kò rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "ìjọba kò gbé mi síbí kí n máa parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìran tó bá ń rí ewé láti òkèèrè, ìran náà ti bàjẹ́. Lónìí wọ́n rí ewé, lọ́la wọ́n á rí kòkòrò lára ewé, lọ́tùnla wọ́n á ní àwọn rí ohun tí àwọn àgbà ń ṣe. Ọlọ́run tó dá ojú mọ ìdí tó fi dá a pé kó máa rí ohun tó wà nítòsí dáadáa, kí ti ọ̀nà jíjìn sì dà bí èéfín. Mo pàṣẹ: ìbọn ọwọ́ nìkan ni kó hàn kedere. Gbogbo ohun tó bá kọjá ẹnu ìbọn, ẹ jẹ́ kó rí bàìbàì."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbọn gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fèrèsé kékeré ni ojú ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó wà ní pápá gidi lè yí ọrùn, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lára. Ẹni tó jókòó sílé, fèrèsé yìí nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà jíjìn fi máa ń súnmọ́ ọn tó bá ti gbé ìbọn sójú láti fojú sùn. A ò parọ́ fún un. Ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ la ń dá padà fún un. Àti pé, sà, eré ni. Ó yẹ kó dùn."

"Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ kò tọ̀nà," ni Ọ̀gá wí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Iwájú rẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà dúró sí. Ọ̀gá ń wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Gbogbo yàrá sì gbà pé báyìí ni ọlọ́lá ṣe ń fi ojú tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìyá Ìbọn pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá kó gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sókè òrùlé pẹrẹsẹ ilé iṣẹ́ náà, pé kí wọ́n lọ wo bí ojú gidi ṣe ń ríran. Lódì kejì títì, pátákó ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ A Ń LẸ TÁYÀ sí. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà náà jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ akọ̀wé ni. Bó ṣe rí i lókè, ló bá ń juwọ́ sí i.

"Akọ̀wé," ni Ọ̀gá wí, "wo òdì kejì yẹn. Kí lo rí?"

Kò sí akọ̀wé tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó máa ń ríran ṣáájú ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Mo rí pupa kan tó ràn káàkiri, bí ọ̀dà tí òjò pa kó tó gbẹ. Lábẹ́ rẹ̀, mo rí nǹkan dúdú kan. Garawa ni."

"Ọ̀dà tí òjò pa gan-an lèmi náà rí, sà. Àti garawa."

Garawa náà dìde dúró, ó ju ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo ohùn pe akọ̀wé lórúkọ.

"Garawa yìí ń pariwo," ni ayàwòrán yàrá ìsàlẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí i nínú," ni akọ̀wé dáhùn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rí ọ̀dà tí òjò pa. Olùṣírò owó, tó ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé e ga, fẹ́ ta wọ́n yọ: ó ní òun ò tilẹ̀ rí pupa kankan. Ọ̀gá káàánú rẹ̀, ó ní kó tètè lọ rí dókítà ojú.

Ó ku ẹlẹ́rìí kan. Ẹ̀ṣọ́ géètì ti ṣe sójà rí, ni wọ́n bá lọ pè é wá.

"Bàbá," ni Ọ̀gá bi í, "lójú ogun, báwo lẹ ṣe máa ń fojú sùn kí ẹ tó yìnbọn?"

Ẹ̀ṣọ́ yọ fìlà. "Ká sòótọ́, sà, mi ò fojú sùn. Inú ẹrẹ̀ ni mo dojú bolẹ̀ sí. Mo gbé ìbọn sókè orí, mo dijú, mo fà á, mo ń pe ìyá mi."

"Ẹ ò gbọ́ òtítọ́ bí," ni Ọ̀gá wí fún gbogbo òrùlé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yìnbọn, kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Kí ohùn kan sì máa pe ìyá rẹ̀." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, akọ̀wé sì ń ka àtẹ̀gùn sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí Ọ̀gá fẹ́ràn kí wọ́n máa bu ọlá fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbọn dá ẹ̀ṣọ́ dúró. "Bàbá, ṣé ẹ lè gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀?"

"Èmi? Ohun tí mo sá fún? Ọmọ mi ní ọ̀kan nílé tí èèyàn ti ń fò bí ẹyẹ, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì yìnbọn. Ìyẹn lèmi ń gbá tí n bá darí ibi iṣẹ́ dé." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ara á tù mí."

Wọ́n ṣe é bí Ọ̀gá ṣe wí. Ó tán wọn lókun. Ìbọn náà hàn débi pé ẹ lè rí ibi tí ó ti ha lára, àmọ́ ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ dà bí ìṣáná tó wà nínú wàrà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a láàárín ara wọn, ayàwòrán yin ìbọn lu Ìyá Ìbọn, Ìyá Ìbọn yìn ín lu àpáta, òkùnkùn sì bo gbogbo wọn, ohùn sì ń ké pe ìyá. Ọ̀gá wá, ó gbé imú lé e, ó ní òun ò rí géèmù tó mọ́lẹ̀ báyìí rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe géèmù kì í pa iṣẹ́ rẹ́. Ó máa ń pa á tì ni, lẹ́yìn bọ́tìnì kan, bí ẹni gbé aṣọ tó dára sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbọn pa ojú àtijọ́ tì. Èyí tuntun ló fi síwájú, ó sì sọ ọ́ ní Ojú Ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ orúkọ náà, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní òun ti ń retí pé kí wọ́n fi orúkọ òun sọ nǹkan kan, kí ikú tó dé.

Ọjọ́ àfihàn pé. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sókè gbọ̀ngàn, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí ohun tí ẹni tó ń gbá a ń rí. Akọ̀wé pe oyè dé àárín, ó gbétọ́ mì, ó tún un pè láti òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ya wọlé.

Àwọn méjì kọ́kọ́ jókòó. Kò pẹ́ tí ọ̀kan béèrè pé, "Ta ni mo pa yẹn?"

"Èmi ni."

"Má bínú. Mo rò pé igbó ni ẹ́."

Wọ́n gbé páàdì tí wọ́n fi ń gbá a sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, ilé iṣẹ́ mìíràn tó pàtẹ géèmù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ewúrẹ́ kan ti ń fò lórí àpótí nínú géèmù. Ewúrẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń la sánmọ̀ kọjá. Kò sí òtítọ́ kankan níbẹ̀. Ìlà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà ti Ìyá Ìbọn, akọ̀wé nìkan ló wà lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ pé wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ ni.

Ìyá Ìbọn wo àwọn mẹ́fà tó kù. Ayàwòrán ti ń kó pẹ́ńsù rẹ̀ sínú báàgì.

Ọ̀gá rí i pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò mọ òtítọ́. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó láti fi hàn wọ́n. Ṣé ẹ rò pé ojú á tì í? Ẹ fara balẹ̀, ó gbá a dáadáa. Nínú èéfín tí gbogbo ayé ti sọnù, ọ̀gá yìí ń rìn bí ẹni wà ní pálọ̀ rẹ̀. "Ọ̀tá nìyẹn," á wí, "ẹ wo bó ṣe ń mi èjìká. Ọ̀rẹ́ nìyí, ó wọ aṣọ tó pọ́n." Ó yìnbọn, òkùnkùn dé, ìyá gbọ́ ìpè, ọ̀tá ṣubú. Ẹnu ya gbọ̀ngàn.

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga iwájú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde, ó gba páàdì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì gbá a fún ìgbà díẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo igi inú géèmù náà pẹ́.

"Dádì," ló wí, "ṣé báyìí lẹ ṣe ń ríran?"

"Báyìí ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran, Màmá."

"Tí ẹ bá wà lójú títì, tí ẹnì kan ń bọ̀ níwájú?"

"Mo máa ń rí i bí mo ṣe rí gbogbo wọn. Àwọ̀ tó ń mì."

Obìnrin náà gbé páàdì sórí itan. "Lọ́dún méjì sẹ́yìn, màámi jókòó sí ẹnu yàrá dókítà ní ilé ìwòsàn wa, ẹ sì kọjá lára wọn bí ẹni kọjá lára àpò sìmẹ́ńtì. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti wọlé wa mọ́."

"Àpò sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni Ọ̀gá wí. "Mo rántí rẹ̀. Búlúù ni."

"Màámi ló wọ búlúù."

Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí wọn. Àní ewúrẹ́ aládùúgbò wa pàápàá, ẹnì kan ti dá a dúró. Obìnrin náà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dúró, tó sanra, tó ga, tó wọ funfun láti òkè délẹ̀. "Dádì, ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá gbé àgbọ̀n sókè. Ó wo ibẹ̀ bí ó ṣe ń wo gbogbo wa láti ọjọ́ tó ti dé.

"Fíríìjì ni," ló wí. "Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò sì ṣe dáadáa. Ó dí ọ̀nà. Akọ̀wé, jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò kí alága tó dé."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni fíríìjì náà wí. Alága ìgbìmọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wo ojú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ti sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí pé Ọ̀gá kò dá a lóhùn wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lọ gbààwẹ̀ nítorí pé Ọ̀gá wò ó kọjá náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìbẹ̀rù wọn, gbogbo orí fífọ́ wọn, gíláàsì kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ló fà á.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Ó sáré lọ bá alága. "Èmi o, sà, mo ti ń rí ewé láti òkèèrè láti kékeré."

Alága kọjá lára rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó wo tẹlifíṣọ̀n ńlá náà, ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. "Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, sà," ni Ìyá Ìbọn wí.

"Ṣé báyìí náà ni gbogbo rẹ̀ rí?"

Ọmọbìnrin náà bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnì kan.

Pápá là. Igi yọ ewé, oòrùn wà lára ewé, ẹnì kan sì ń sáré lẹ́yìn ògiri jíjìn lọ́hùn-ún. Ìyá Ìbọn fojú sùn, ọ̀nà jíjìn rọra súnmọ́, bí ẹni na ọwọ́ mú nǹkan. Ọ̀dọ́ kan lórí ìlà ewúrẹ́ ní, "Ìyẹn ńkọ́?" Ó kúrò lórí ìlà. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí alága ní láti yẹ̀bá, nítorí pé ó dí wọn lọ́nà, lóòótọ́. Ayàwòrán tú pẹ́ńsù rẹ̀ jáde padà.

Wọn ò ti yàrá ìsàlẹ̀ pa. Ọ̀gá nìkan ni alága ní kó lọ sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò sì sọ ìgbà tí ìsinmi máa parí.

Ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ti bọ́ kí ìyẹn tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló bọ́, lójú ọ̀nà tóóró ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri fún un ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu. Ẹ̀ṣọ́ géètì dúró lókèèrè, ó ké sí i, "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Èmi ni o, kì í ṣe garawa."

Ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó tú páálí, ó fi gíláàsì sójú. Ó kọ́kọ́ wo akọ̀wé. "Ìwọ nìyí? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ." Ó wá wo àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri, ojú tí kò fẹ́ fi gíláàsì bò. Ẹnì kan ti fi bírò ya irùngbọ̀n ewúrẹ́ sí i, àti ìwo méjì. Bírò náà ti ṣá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Ojú Ọ̀gá kò sì ṣòfò. Ilé ìwòsàn ojú kan tọrọ rẹ̀, wọ́n gbé e sí yàrá ìdúródè, kí àwọn ẹbí lè mọ bí bàbá wọn ṣe ń ríran. Orúkọ Ọ̀gá wà lára rẹ̀, gàdàgbà. Ibẹ̀ ni Àwòkọjá mú ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó fi màmá jókòó, ó fi páàdì sí wọn lọ́wọ́, òun náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú gíláàsì lójú, bí ẹni tó ń dúró de adájọ́.

Màmá gbá a. Wọ́n pa ọ̀rẹ́, wọ́n pa àpáta, wọ́n gbọ́ tí ohùn ń pe ìyá. Wọ́n gbé páàdì sílẹ̀.

"Ó dáa, ọkọ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo ti rí i báyìí. Òótọ́ ni, o ò rí mi."

Àwòkọjá mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà," ni màmá wí. "Mo pè ọ́ lórúkọ, mo sì tún pè ọ́. Ṣé inú dúrọ́ọ̀ ni etí rẹ náà wà?"